Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi, Ẹ̀rí Bọ̀dá Délé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ẹrù yìí kalẹ̀ lónìí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri. Ẹnì kan ló kọ ọ́ síbí lánàá pé ẹni tí òun fojú ẹ̀gbọ́n wò ló gba iṣẹ́ òun mọ́ òun lọ́wọ́. Mo kà á tán. Mo ní háà! Èmi náà ní irú ẹ̀ nílẹ̀ o!

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni, ní Torino níbí, ní Italy. Nígbà yẹn, scheda telefonica, ìyẹn káàdì fóònù, la fi ń pe ilé. Ẹ̀ẹ́ dúró sínú àpótí fóònù nínú òtútù, ẹ̀ẹ́ máa pariwo "Hẹ́lò! Màmí, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí káàdì á fi jó tán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ń jayé!

Mo wá kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Mo ti gba oyè ní Nàìjíríà kí n tó wá o, ẹ má fojú di mi. Àmọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ń ṣiṣẹ́ ní casa di riposo, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ gbé nonna, ìyá àgbà, dìde, ẹ wẹ̀ fún nonna, ẹ fún nonna lóúnjẹ, nonna á wá ní ẹ ti jí yẹtí òun. Yẹtí tó wà létí ẹ̀!

Kí ni mo wá ń wá láyé mi nígbà náà? Ohun kan ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan mọ orúkọ mi nítorí ohun tí mo kọ́. Níbi iṣẹ́, "signorina", omidan, ni mò ń jẹ́. Níléèwé, "la ragazza nigeriana", ọmọbìnrin Nàìjíríà, ni wọ́n ń pè mí. Ó wá dà bíi pé wọn ò sọ mí lórúkọ rí. Bùkọ́lá ni mò ń jẹ́!

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Bọ̀dá Délé wọlé báyìí. Padova ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti ka ìwé tiwọn tán níbẹ̀, wọ́n sì ti ríṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ibẹ̀. Díákónì ni wọ́n nínú ìjọ wa, èyí tó ní ẹ̀ka ní Padova àti ní Torino. Nígbà tí mo dé Italy, ilé wọn ni mo kọ́kọ́ sùn sí. Ìyàwó wọn ló ra kóòtù tí mo fi la òtútù ọdún àkọ́kọ́ já. Bọ̀dá Délé fúnra wọn ló sìn mí lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí a ti ń gba ìwé ìgbélùú, láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n tò lórí ìlà pẹ̀lú mi, tí wọ́n ń gbẹnu sọ fún mi ní èdè Italian tí mi ò gbọ́. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, kì í sì í ṣe ti ojú ayé. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni.

Àwọn náà ló mú mi mọ Turnista.

Turnista ni orúkọ prógíráàmù kan tó ń pín turni, ìyẹn ni pé ó ń ṣètò ẹni tó máa ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, ẹni tó máa ṣe ti ọ̀sán, ẹni tó máa ṣe ti òru. Àwọn casa di riposo ń lò ó, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Treviso náà ń lò ó. Open source ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nígbà yẹn ni. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè wo inú prógíráàmù náà, kó tún un ṣe, kó sì fi fún àwọn yòókù lọ́fẹ̀ẹ́. Orí lísìtì ímeèlì kan ni gbogbo àwọn tó ń ṣe é ti ń pàdé. Obìnrin ará Torino kan tó ń jẹ́ Signora Ornella ni olórí wọn. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n fún láṣẹ láti fi nǹkan sínú kóòdù, ìyẹn àkọsílẹ̀ prógíráàmù náà, ni wọ́n ń pè ní olùtọ́jú. Bọ̀dá Délé wà lára wọn.

Ẹ ò bá rí inú Turnista nígbà yẹn! Ó tóbi, ó sì rí wúruwùru. Oríṣiríṣi ọwọ́ ló ti kọ ọ́, ẹni tó kọ apá kan ti lọ, ẹni tó kọ apá kejì ò mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ẹ fọwọ́ kan ti òwúrọ̀, ti òru á dàrú. Ẹ̀rù ti ń ba gbogbo wọn láti tún un ṣe.

Ni Signora Ornella bá kọ̀wé sórí lísìtì pé ẹni tó bá lè tún inú rẹ̀ tò láìba nǹkan kan jẹ́, wọn á fi orúkọ onítọ̀hún kún ti àwọn olùtọ́jú.

Ẹ gbọ́? Orúkọ!

Bọ̀dá Délé ló sọ fún mi nígbà tí mo pè wọ́n. Wọ́n ní "Bùkọ́lá, iṣẹ́ ẹ rèé. Èmi ò ráàyè, ọpọlọ ẹ ló máa ṣe é. Ìwọ kọ ọ́, èmi á bá ẹ fi sí i." Inú mi dùn débi pé mo fò sókè nínú àpótí fóònù. Mo ní èmi á kọ́kọ́ kọ̀wé sí lísìtì, kí n fara mi hàn wọ́n, kí n kí wọn. Bọ̀dá Délé ní rárá o. Wọ́n ní àwọn òyìnbó yìí, tí wọ́n bá ti rí orúkọ tí wọn ò mọ̀, wọn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó gba ọwọ́ àwọn wọlé, tó bá yá, àwọn á wá fà mí jáde.

Ṣé ó burú? Ẹ sọ òótọ́! Lọ́dọ̀ tiwa, ṣé ọmọdé ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ nígbà tí àgbà tó mọ onílé wà? Àgbà ló máa ń síwájú. Mo ní "Ẹ ṣé gan-an sà, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́." Mo dúpẹ́ dúpẹ́ títí káàdì fi tán.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà ò kàn. Refactoring ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ́ tún inú nǹkan tò, àmọ́ ohun tó ń ṣe fún àwọn tó ń lò ó ò gbọdọ̀ yí padà. Ẹ rò ó bí irun tó ti pẹ́ lórí, tó ti so kókó. Ṣé ẹ̀ẹ́ kàn fà á lẹ́ẹ̀kan náà ni? Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa tú u, ẹ̀ẹ́ fi òòyà yà á, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Orí ẹni tó nirun ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ o!

Nítorí náà, mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Àyẹ̀wò ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo ní kí Turnista àtijọ́ pín turni gbogbo òru ọdún kan fún mi, lẹ́yìn náà ti àwọn ọdún tó ti kọjá, mo sì tọ́jú gbogbo ohun tó gbé jáde. Ó tọ̀nà o, kò tọ̀nà o, mo tọ́jú ẹ̀. Tí mo bá ti yí nǹkan kékeré kan padà, màá tún ní kó pín wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kọ̀ǹpútà á wá fi tuntun wé ti àtijọ́. Tí wọ́n bá yàtọ̀, á pariwo. Mo dẹ̀ ń padà sẹ́yìn nígbà tó bá pariwo, mi ò bá a jiyàn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan ìyanu kan. Òru kan wà lọ́dọọdún tí Turnista máa ń fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí mẹ́sàn-án dípò mẹ́jọ. Mo ní àṣìṣe rèé! Mo fẹ́ pa á rẹ́. Mo wá rántí òru kan ní casa di riposo tí mo ṣiṣẹ́ títí ó fi dà bíi pé ilẹ̀ ò ní mọ́ mọ́. Òru tí wọ́n ń dá aago padà ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú yìí, ẹ mọ̀ ọ́n: lóṣù kẹwàá, aago mẹ́ta òru á padà di aago méjì, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á sì fi wákàtí kan kún un. Ohun tó tún mú un ṣòro ni pé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń dá a padà láyé àtijọ́, kí wọ́n tó sún un sí oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ibi méjì ni ọ̀rọ̀ aago yìí wà nínú kóòdù, ọ̀kan fún àwọn ọdún àtijọ́, ọ̀kan fún tuntun. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n lóréfèé, ẹ̀ẹ́ rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ẹnì kan ló gbàgbé tó kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi méjèèjì sílẹ̀. Mo kọ àyẹ̀wò tó ń ṣọ́ wọn. Mo tún kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa wọ́n pọ̀.

Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn, nígbà òjò, nígbà òtútù, títí ooru fi dé. Mo pín in sí wẹ́wẹ́, mo kó o sínú àwọn díìsì floppy, mo kọ orúkọ mi sórí kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e fún Bọ̀dá Délé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sí Torino fún ìpàdé àwọn díákónì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa fi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn lò ó fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi èyí tó kàn sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní "Calma, àbúrò, fara balẹ̀. Ṣé èmi lò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tọrọ àforíjì.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí oṣù kẹwàá fi wọlé.

Ní oṣù kẹwàá, ìjọ wa ṣe àpapọ̀ ìsìn ìdúpẹ́ ní Padova. Gbogbo ẹ̀ka ló wá, títí kan àwọn tó ń gbé Sampierdarena ní Genova, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti àárọ̀ kùtùkùtù. Ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà, èmi ni mò ń lé orin lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, Pásítọ̀ ní kí Díákónì Délé bọ́ síwájú. Inú mi ń dùn! Mo ní òní lọ́jọ́ tí wọ́n máa fà mí jáde. Mo tún gèlè mi ṣe.

Bọ̀dá Délé gba makirofóònù. Wọ́n ní "Praise the Lord!" Ìjọ ní "Halleluyah!" Wọ́n ní ẹ bá àwọn yin Olúwa, torí ohun tí àwọn òyìnbó ò lè ṣe, Ọlọ́run ti lo ọmọ Nàìjíríà láti ṣe é. Wọ́n ní prógíráàmù ńlá kan wà tó ti dàrú pátápátá. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn, ẹ wo ọwọ́ yìí, ni àwọn fi tún un tò látòkè délẹ̀. Wọ́n ní ìyá tí ẹ bá rí tó ń tọ́jú arúgbó níbikíbi ní ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ló ń sọ fún un ìgbà tó máa lọ sùn!

Ìjọ pariwo. Àwọn màmá ń ju ìborùn. Èmi dúró, mò ń retí gbólóhùn tó kàn. Mo ń retí "àti àbúrò mi kan". Mo retí títí. Bọ̀dá Délé dá makirofóònù padà, Pásítọ̀ sì yíjú sí àwa akọrin pé "Choir, give us a song!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo lé orin tí Bọ̀dá Délé fi jó padà sórí àga wọn!

Ṣé mo lè dákẹ́ ni? Ṣé a máa ń já lu ẹ̀rí ni? Ẹ dìde nínú ìsìn kẹ́ ẹ sọ pé irọ́ ni díákónì ń pa, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ẹ̀ẹ́ jẹ nínú ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn. Mo kọrin. Ohùn mi ń já, àwọn èèyàn rò pé ẹ̀mí ló gbé mi.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá wọn nídìí ọkọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wá rọra bèèrè. Wọ́n ní kí ló dé, ṣebí ọ̀kan náà ni wá, ṣebí ògo Ọlọ́run ni? Wọ́n ní kódà, ẹ̀dà tuntun ti jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní ṣé gbogbo ẹ̀ ni? Wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ni o, àwọn dà á pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè jáde ṣáájú ìdúpẹ́. Wọ́n ní àwọn tún gé àwọn nǹkan kan dànù tí èmi ò rí, àwọn ibi tí wọ́n kọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ṣe àyẹ̀wò? Wọ́n ní àyẹ̀wò yẹn ń fa nǹkan sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti gbàdúrà sí i.

Wọ́n ti gbàdúrà sí i! Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ Ọlọ́run tó fún wa ní ojú, ṣé kí á máa di ojú náà sọdá títì ni?

Nígbà tí mo padà sí Torino, mo gba ẹ̀dà tuntun náà sórí kọ̀ǹpútà iléèwé, mo ṣe àyẹ̀wò mi sí i. Ó pariwo! Ibi tí mo rò náà ni. Wọ́n ti pa ibi aago méjèèjì pọ̀, èyí tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ni ti oṣù kẹsàn-án. Turnista tuntun ò mọ òru oṣù kẹwàá mọ́, wákàtí mẹ́jọ péré ló ń fún òṣìṣẹ́ òru náà. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ gan-an sì ni wọ́n máa dá aago padà!

Mo pe Bọ̀dá Délé, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan sórí lísìtì, kí n má dójú ti àwọn, àwọn fúnra àwọn á tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo tún pè wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní "Mo ti ṣe é. Tutto a posto, gbogbo ẹ̀ ti dáa." Mo ní ẹ ṣé sà.

Kí ni ẹ ì bá ṣe? Ẹni tó tò lórí ìlà questura pẹ̀lú yín lẹ́nu òtútù ní òun ti ṣe nǹkan. Ṣé ẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ wò ó ni?

Wọn ò ṣe é o. Wọn ò fọwọ́ kàn án rárá.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, ìwé turni tí wọ́n tẹ̀ kiri ní kí òṣìṣẹ́ òru máa lọ ní aago márùn-ún, ó sì ní kí ti òwúrọ̀ wọlé ní mẹ́fà. Ní ibi púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé kò bójú mu, wọ́n dúró. Àmọ́ ní ilé kan lẹ́bàá Asti, ọmọ tuntun kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ̀ lé ìwé, ó lọ sílé. Fún wákàtí kan gbáko, kò sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ àwọn arúgbó yẹn. Màmá àgbàlagbà kan jí, ó tẹ aago pe èèyàn, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó bá jáde sínú ọgbà pẹ̀lú aṣọ ìsùn. Inú òtútù ni wọ́n bá a, ó ń wá ọmọ ẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò kú. Tí mo bá rántí, ọkàn mi ṣì máa ń dàrú, torí irú àwọn màmá yẹn ni mò ń wẹ̀ fún.

Olórí ilé náà kọ̀wé sórí lísìtì. Àwọn mìíràn náà kọ ọ́, láti Treviso àti ibòmíì. Signora Ornella bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà iléèwé nígbà tí èsì Bọ̀dá Délé wọlé. Wọ́n ní ó dun àwọn gan-an. Wọ́n ní ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni àwọn ṣàánú, tí àwọn fún níṣẹ́ kó lè kọ́ nǹkan. Wọ́n ní àwọn fọkàn tán an jù. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sún mọ́ iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n wá kọ orúkọ mi. Orúkọ mi àti ti bàbá mi, wọn ò yọ ẹyọ kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ mi máa dé orí lísìtì yẹn nìyẹn.

Mo sunkún. Mo sunkún níwájú àwọn ọmọ Italy tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, mi ò bìkítà. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é fún mi, ǹ bá fara mọ́ ọn. Ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún! Ẹni tí mo jẹun nílé ẹ̀! Yorùbá ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àṣé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ látọjọ́ yìí.

Kí n tó nu ojú mi tán, ọ̀rọ̀ ti dé etí Pásítọ̀. Wọ́n pè mí nílé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé nǹkan díẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti díákónì. Nǹkan díẹ̀! Wọ́n ní àwọn bẹ̀ mí pé kí n má fèsì níwájú òyìnbó, torí ọ̀rọ̀ ilé, inú ilé là á ti sọ ọ́. Wọ́n ní tí mo bá tú àgbà fó níta, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n máa wò, gbogbo wa ni. Wọ́n ní Ọlọ́run á gbèjà mi. Mo ní ẹ ṣé sà. Ọmọ dáadáa ni mí, ẹ ò rí i?

Àmọ́ inú mi ò gbà. Ta ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síta? Àbí orúkọ tèmi kì í ṣe orúkọ ni? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo wá pinnu pé mi ò ní bú wọn, mi ò ní dárúkọ wọn rárá, àmọ́ mi ò ní dákẹ́. Mo kọ̀wé sí lísìtì, fúnra mi, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kí wọn. Mo sọ orúkọ mi. Mo ní iṣẹ́ tí mo ṣe rèé bí mo ṣe ṣe é, lọ́kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò rẹ̀ sì rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sí i níkọ̀ọ̀kan, ẹ máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ibi tí ọ̀rọ̀ aago wà rèé, méjì ni wọ́n, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Mo ní ó dùn mí nítorí màmá tó wà ní Asti. Ó parí.

Signora Ornella ṣe ohun tí mo sọ. Ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí Turnista àtijọ́, kò sí èyí tó pariwo. Ó fi àyẹ̀wò náà sí ẹ̀dà Bọ̀dá Délé, ó pariwo lójú ẹsẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ ọ́ sórí lísìtì pé ẹ̀dà ti Bùkọ́lá ni àwọn máa lò, àti pé Bùkọ́lá ti di olùtọ́jú láti òní lọ. Ó kọ orúkọ mi dáadáa, ó tilẹ̀ bèèrè bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ẹ rò pé mo jó? Mi ò jó. Ohun tí mo fẹ́ láyé mi ti dé, ẹnu mi sì korò. Bọ̀dá Délé ò pè mí. Wọ́n kúrò lórí lísìtì. Ìyàwó wọn tó ra kóòtù fún mi, tí mo bá pè é, á ní òun ń se oúnjẹ lọ́wọ́.

Ó ṣe díẹ̀, Bọ̀dá Délé wá sí ẹ̀ka wa ní Torino lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan. Kóòtù yẹn ló wà lọ́rùn mi, torí òtútù mú. Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, wọ́n tún bọ́ síwájú. Wọ́n ní ẹ bá àwọn dúpẹ́, àwọn la ogun kan já. Wọ́n ní Ọlọ́run tú àṣírí ọ̀tá inú ilé fún àwọn, ẹni tó jẹ nínú àwo àwọn, tó sùn lórí ẹní àwọn, tó tún yíjú padà bu àwọn jẹ. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ń jẹun pẹ̀lú wa tó tún ń gbẹ́ kòtò fún wa, kí Olúwa yà á sọ́tọ̀!

Ìjọ bú sí "Àmín!" Akọrin ni mí, ẹ̀yìn makirofóònù ni mo wà. Àwa la máa ń pariwo Àmín jù. Mo ti ṣe Àmín náà, tokuntokun, kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wò mí. Bọ̀dá Délé náà wò mí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ rí i, mo ṣì ń sọ "wọ́n". Wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé wa.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíì ń gbára lé, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe kẹ́ ẹ tó yí i padà. Ẹ mú un díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá dà bíi pé kò wúlò, ẹ bèèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni mo ṣe sí kóòdù. Èèyàn ni mi ò yẹ̀ wò. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà o, mi ò ní kẹ́ ẹ má bọ̀wọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ sọ pé ẹ ṣé sà. Àmọ́ ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ síbi tó ń lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi iṣẹ́ yín jẹ́rìí rí, tẹ́ ẹ tún lé orin sí i lẹ́yìn? Ṣé ẹ sọ̀rọ̀, àbí ẹ ṣe Àmín bíi tèmi? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ níbí, mo ń kà á. Ẹ má sì gbàgbé o, ẹ kọ orúkọ ara yín sí i!